Ta Ló Ni Ilé Alámọ̀ Petaluma?

Ní ẹ̀ka Yorùbá wa níbí, bí a bá ti débi oríkì orílẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé: ọmọ ta ni, ilé ta sì ni? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbé lọ sókè òkun lónìí, sí California ní Amẹ́ríkà, síwájú ilé kan tí wọ́n fi amọ̀ kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá rò pé bíríkì àti símẹ́ńtì nìkan ni wọ́n fi ń kọ́lé lọ́hùn-ún, kó fara balẹ̀ kà á.

Petaluma Adobe ni wọ́n ń pe ilé náà. Ó wà ní àgbègbè Sonoma, ní àríwá San Francisco. “Adobe” yìí, ọ̀rọ̀ Sípéènì ni, àwọn náà sì yá a lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá. Bíríkì amọ̀ tí wọn ò fi iná sun ni. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ omi àti koríko gbígbẹ, wọ́n á rọ ọ́ sínú férémù onígi, wọ́n á wá sá a sóòrùn títí yóò fi le. Ògiri ilé yìí nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni, tòun ti bàràńdà fífẹ̀. Bàràńdà yẹn kì í ṣe fún fáàrí nìkan. Òjò ni ọ̀tá amọ̀; òrùlé tó yọ síta ni kì í jẹ́ kí òjò fọ ògiri lọ. Ẹni tó bá gbé ilé alámọ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹni tí wọ́n ń dárúkọ mọ́ ilé náà ni Mariano Guadalupe Vallejo. Wọ́n bí i ní Monterey ní 1807, ó sì di ọ̀gá ológun fún ìjọba Mẹ́síkò, tó ni California nígbà yẹn. Ní 1834, gómìnà José Figueroa fún un ní ilẹ̀ tó tó éékà 44,000, torí pé ìjọba ń bẹ̀rù àwọn ará Rọ́ṣíà tó ti tẹ̀dó sí Fort Ross. Nígbà tó yá, ilẹ̀ náà di nǹkan bí éékà 66,000. Ní 1836 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé yìí, oko màlúù ńlá sì ni. Ẹran kọ́ ló ń mówó wọlé jù o, awọ àti ọ̀rá màlúù ni. Ọkọ̀ òkun á kó awọ lọ ṣe bàtà, wọ́n á fi ọ̀rá ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ. Awọ yìí pọ̀ débi pé wọ́n ń fi ṣòwò bí ẹni ń ná owó. Wọ́n tún ń gbin àlìkámà, wọ́n sì ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ó dáa. Ta ló wá po amọ̀ náà? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn Coast Miwok, Pomo, Patwin àti Wappo ló ṣe é, àwọn tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn kí Sípéènì tó dé rárá. Ní 1823, àwọn Páádì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Sonoma, wọ́n kó wọn síbẹ̀ láti sọ wọ́n di onígbàgbọ́ àti òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìjọba Mẹ́síkò ní kí wọ́n tú irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ká, ó yẹ kí apá kan ohun-ìní ibẹ̀ padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe alábòójútó pínpín? Vallejo yìí kan náà. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò. Àwọn kan wá ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ torí pé kò síbi tí wọn ó lọ mọ́. Wọ́n fipá mú àwọn mìíràn. Àwọn olórí wọn bá Vallejo ṣe àdéhùn lórí àwọn tó kù. Oúnjẹ àti ẹrù díẹ̀díẹ̀ ni owó iṣẹ́ wọn. Ní nǹkan bí 1837 sí 1838, ilẹ̀ gbígbóná jà ní àgbègbè náà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lára wọn.

Ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní oṣù kẹfà 1846, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dìde ní Sonoma, wọ́n mú Vallejo, wọ́n tì í mọ́lé ní Sutter's Fort. Iṣẹ́ ilé náà dúró láìparí. Lẹ́yìn tí California di ti Amẹ́ríkà ní 1848, àwọn àjèjì ń ya wọ ilẹ̀ rẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ lówó. Ní 1857, ó ta ilé náà ní 25,000 dọ́là. Òjò wó nǹkan bí ìdajì rẹ̀.

Ní 1910, ẹgbẹ́ kan rà á láti tún un ṣe. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Native Sons of the Golden West. Ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ni wọ́n pera wọn, bẹ́ẹ̀ òyìnbó ni wọ́n! Ìjọba California gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1951, ó sì di mùsíọ̀mù títí dòní.

Ilẹ̀ kì í purọ́ ṣá. Awalẹ̀pìtàn kan, Stephen Silliman, wa ilẹ̀ nítòsí ilé náà, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 2004. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀, egungun ẹran, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ olókùúta. Ìyẹn ni pé bí irin ṣe wà nílẹ̀ tó, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ṣì ń gbẹ́ òkúta bí àwọn bàbá wọn ti ń gbẹ́ ẹ. Wọn ò gbàgbé ara wọn. Àwọn ọmọ wọn náà wà láyé: ní 2000, òfin Amẹ́ríkà tún padà gba àwọn Coast Miwok àti Southern Pomo ti Graton Rancheria gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà.

Èmi ò ní kí wọ́n wó ilé náà. Ká ní ó ti wó tán, kí la ó nà sí, ká tó bèèrè ẹni tó kọ́ ọ? Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, oríkì tirẹ̀ nìkan ni àwọn èèyàn ń tètè kì. Bẹ́ẹ̀ Petaluma gan-an, èdè Miwok ni. Wọ́n ní ohun tó jọ “ẹ̀yìn òkè” ló túmọ̀ sí. Gbogbo ẹni tó bá pe orúkọ ilé náà, ì báà ṣe Vallejo fúnra rẹ̀, èdè àwọn tó po amọ̀ ló ń sọ lẹ́nu.