Ìtàn Ìwé Kíkà ní Ìbàdàn, àti Iṣẹ́ tí Ó Kù fún Wa

Nígbàkúùgbà tí a bá ń pìtàn ìlú wa, ogun ni a máa ń fi bẹ̀rẹ̀: bí àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ṣe pàgọ́ síhìn-ín ní nǹkan bí ọdún 1829, àti bí ọmọ ogun Ìbàdàn ṣe ṣẹ́gun ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí a kì í sábà sọ, èyíinì ni bí ìlú ológun ṣe di ìlú ìwé. Ìtàn yìí ni mo fẹ́ sọ ní ṣókí, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ó ti pẹ́ tí ìwé kò ti wọ́n ní Ìbàdàn mọ́. Ẹni tí yóò gbé e dé agbo-ilé àti abúlé, tí yóò sì jókòó ti ẹni tí kò mọ̀wé, ni ó wọ́n.

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ti ń kọ́ ọmọ ní kéú ní ìlú yìí. Orí wàláà ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ lẹ́tà Lárúbáwá, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n ni í kà á fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 1851 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ C.M.S. rán níṣẹ́, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ní 1853 ni òun àti aya rẹ̀, Anna, wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì, wọ́n sì dá ilé ìwé sílẹ̀. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí abẹ́ ìtọ́jú wọn. Àwọn òbí tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìlú ogun ni Ìbàdàn nígbà náà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ènìyàn pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo.

Àwọn tí ó mọ̀wé kò di ojo. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dàgbà ní Kúdẹtì ni Samuel Johnson, tí àwọn òbí rẹ̀ mú wá láti Sàró ní 1858. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti ti ìjọ ní Arẹ́mọ, tí kò jìnnà sí Àgodì wa. Láti ẹnu àwọn àgbà ni ó ti kó ìtàn Yorùbá jọ, ó sì parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ó sì gbé sọnù. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan pa àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn mọ́, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn baba ńlá wa ì bá ti bá wọn wọ ilẹ̀.

Ní 1911 ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó jẹ Olúbàdàn ní 1955. Èmi rò pé èdè tí ó yàn tóbi ju bí a ti ń kà á sí lọ. Ìwé tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni í dúró sí. Èyí tí a bá fi Yorùbá kọ, ọmọ ilé ìwé lè kà á ketekete fún baba rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí baba náà sì gbọ́ ọ, kí ó gbà á tàbí kí ó jiyàn rẹ̀. Ní 1913 ni Alexander Babátúndé Akínyẹlé, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, dá Ibadan Grammar School sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga sì wọ ìlú.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń yára. Ní 1948 a dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, ìwé tí olóògbé Henry Carr ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ sì wà lára èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé rẹ̀. Ní 1949 ni ilé ìtẹ̀wé Oxford ṣí ẹ̀ka sí ìlú wa. Láti ọjọ́ 27 oṣù keje títí di ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1953, Ìbàdàn níhìn-ín ni àjọ UNESCO kó àwọn ènìyàn jọ láti ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n gbèrò bí ilé ìkàwé fún gbogbo ènìyàn yóò ṣe tàn kálẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600 ní 1954. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Àgodì wa ni ibùjókòó ìjọba náà, níbi tí Sẹkitéríàtì wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: nígbà tí ọmọ wọ̀nyẹn jáde ìwé mẹ́fà tí wọ́n padà sí oko, kí ni wọ́n rí kà? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ní ilé méjì, agbo-ilé rẹ̀ ní ìgboro àti abúlé rẹ̀ ní oko. Ní ìgboro ni ìwé pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá sì kọ́ ìwé tí kò rí ìwé kà mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò gbàgbé rẹ̀, bí ọ̀nà oko tí a kò rìn mọ́ ti í di igbó. Ní ọdún 1955 kan náà, ìjọba Ìlà-Oòrùn ṣe òfin tí ó dá àjọ ilé ìkàwé sílẹ̀, tí ó sì fún un ní owó àti ẹni tí yóò bójú tó o. Ní ọ̀dọ̀ wa, ilé ẹ̀kọ́ ni a sáré sí. A kò sáré bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ọmọ yóò kà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn ọmọ Yorùbá méjì gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwun Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin tí ó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, dá ilé ìwé kíkà àti ohun èlò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Abadina, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì, láàárín 1970 sí 1980. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábímpé Abóyadé ní tirẹ̀ lọ sí Badẹ́kù, abúlé kan ní ẹ̀yìn ìgboro Ìbàdàn. Ìbéèrè rẹ̀ le: kí ni ilé ìkàwé lè ṣe fún ẹni tí kò mọ̀wé rárá? Ní 1984 ni ó tẹ àbájáde ìdánwò rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Kò gbé ìwé síwájú àwọn ará oko kí ó sì máa retí wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ó fi ṣáájú, ọ̀rọ̀ ẹnu ní èdè wọn sì wà lára ohun tí ó fi dá wọn lóhùn. Ó fi hàn pé olùtọ́jú ìwé tí ó bá ń kà fún ènìyàn, tí ó sì ń wá ìdáhùn kiri fún wọn, ti di ilé ìkàwé, ìbáà jẹ́ abẹ́ igi ni ó jókòó sí.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Nkayi ní ilẹ̀ Zimbabwe, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ ìwé láti abúlé dé abúlé. Ní Kitengesa ní ilẹ̀ Uganda, àpótí ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ó sì di ilé ìkàwé gbogbo abúlé. Kò sí èyí tí ó fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a má dúró de ilé tuntun. Yàrá kan ní agbo-ilé tí ó bá fọwọ́ sí i, ní Àgodì àti ní abúlé kan tí a bá yàn, ti tó. Èkejì, kí a san owó fún ẹnì kan tí yóò máa ṣí i ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa ka ìwé fún àwọn àgbà, tí yóò sì máa kọ lẹ́tà fún wọn. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, nítorí bí ẹni náà bá kú tàbí tí ó bá bínú, ilé náà ti di títì nìyẹn. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ wa ní Èkó, ní Lọ́ńdọ́nù àti ní Amẹ́ríkà, ẹ má kó àlòkù ìwé tí ó ń sọ nípa yìnyín ránṣẹ́ sí wa. Ẹ fi owó ránṣẹ́, kí a lè ra ìwé Ọdúnjọ, ti Fágúnwà àti ti Akínyẹlé, àti ìwé nípa iṣẹ́ oko àti ìlera.

Ẹ̀kẹrin ni ó jẹ mí lógún jù. Kí olùtọ́jú ìwé yìí máa kọ ìtàn agbo-ilé kọ̀ọ̀kan láti ẹnu àwọn àgbà, láti Òjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Màpó dé Bẹyẹrúnkà, kí a sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ sí ibi méjì. A ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Johnson. Òun ní àbúrò tí ó tún tirẹ̀ kọ. Àwọn àgbà tí wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lónìí kò ní àkọsílẹ̀ kankan tí àbúrò wọn lè fi tún ohunkóhun kọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a bá pinnu ní ìpàdé ọdọọdún wa tí ń bọ̀, yàrá kìíní lè ṣí kí òjò tó tún rọ̀. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí. Àmín.