Ìgbésí Ayé Fukuda Chiyo-ni (1703–1775): Ohun tí Ó Kọ àti Ohun tí Wọ́n Sọ Nípa Rẹ̀

Ìlú Mattō, ní agbègbè Kaga ní ilẹ̀ Jàpáànù, ni wọ́n ti bí Fukuda Chiyo ní ọdún 1703. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni lílẹ àwòrán àti ìwé àfọwọ́kọ mọ́ bébà tàbí aṣọ kí ó lè ṣe é fi kọ́ sára ògiri. Àárín ọ̀rọ̀ kíkọ ni ọmọ náà ti dàgbà.

Ewì tí a ń pè ní háíkù lónìí ni ó yàn láàyò. Sílébù 17 ni ó máa ń ní, ní ìpín 5, 7 àti 5, ó sì máa ń tọ́ka sí ìgbà kan nínú ọdún. Àwọn ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà. Matsuo Bashō, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin wọn, ti kú ní 1694. Ní 1719, Kagami Shikō, ọmọ ẹ̀yìn Bashō, pàdé Chiyo, ó sì yìn ín gidigidi. Ìyìn yìí gbé orúkọ ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọjá Kaga.

Ní 1754, Chiyo fá irun orí rẹ̀, ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀sìn Búdà. Èyí ni ìtumọ̀ ‘ni’ tí ó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, kò pa ewì tì. Nígbà tí àwọn aṣojú ọba Kòríà ń bọ̀ ní Jàpáànù ní 1763, òun ni ìjọba Kaga ní kí ó kọ ewì 21 tí wọn yóò fi ta wọ́n lọ́rẹ. Àkójọ ewì rẹ̀ jáde ní 1764, òmíràn tẹ̀ lé e ní 1771.

Ìtàn mìíràn ni ó gbilẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n ní opó tí ọmọ rẹ̀ kú ni, wọ́n sì ń tọ́ka sí ewì kan nípa ọmọ tí ó ń lé lámilámi kiri. Ewì náà kò sí nínú àkójọ méjèèjì, àwọn onímọ̀ kò sì fẹnu kò pé ó lọ́kọ rí. Àléébù irú ìtàn báyìí ni pé ó ń sọ iṣẹ́ ọpọlọ di ẹkún lásán. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nítorí náà, olùkọ́ tí yóò kọ́ni nípa Chiyo-ni gbọ́dọ̀ ya ohun tí ó kọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n fi kún un. Iṣẹ́ rẹ̀ tó láti gbé orúkọ rẹ̀ dúró.