Kòtò Tí Ará Iwájú Jìn Sí

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ojú ọ̀nà tóóró ni àwọn tó pa òwe yìí ń rìn, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀lé ẹsẹ̀. Bí ẹni tó wà níwájú bá ṣubú, ojú ẹni tó wà lẹ́yìn ló ṣe, á sì yà. Ohun méjì ni òwe náà fi sínú tí kò sọ: ará iwájú kò gbọdọ̀ fi ewé bo kòtò nígbà tó bá jáde tán, ará ẹ̀yìn náà sì gbọ́dọ̀ gbà pé ọ̀nà kan náà ni àwọn jọ ń tọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà wọn ló gbé mi dé ìdí òwe yìí. Ẹni tó ń ta ẹja ní Iwopin, létí ọ̀sà, ti mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Oníbàárà rẹ̀ fẹ́ fi tíráńsífà san owó, báǹkì ló sì ni kọ̀ǹpútà tí owó náà ń gbà kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2024, báǹkì mẹ́ta ní Nàìjíríà pààrọ̀ ètò wọn: Sterling kúrò lórí T24, ó bọ́ sórí SeaBaaS, GTBank bọ́ sórí Finacle, Zenith bọ́ sórí Flexcube. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò rí owó wọn lò nígbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ni wọ́n sọ fún wa. Ohun tó já gan-an, ibi tó ti já, àti ẹni tó yẹ kó ti rí i, mi ò tíì rí ìwé ìwádìí kankan tó wà fún ará ìlú láti kà. Ewé wà lórí kòtò yẹn.

Àwọn mìíràn wà tí wọn ò rí tiwọn bò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ènìyàn ra ìpín ìdókòwò tó sì ń bá wọn tà á ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tuntun kan. Kọ̀ǹpútà àgbà mẹ́jọ, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, ló yẹ kí wọ́n fi í sí. Méje ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ náà fo ìkẹjọ, kò sì sí ẹnì kejì tí wọ́n yàn láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Inú ìkẹjọ yìí ni ètò àtijọ́ kan wà, tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2003. Àṣẹ tuntun tó wọlé ló jí i. Ló bá ń rà, ló ń tà, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Láàárín ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là ti wọmi. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ wọn ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ pé nǹkan kan kò tọ́, kò sì sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Nígbà tí ìdààmú dé, ètò tuntun ni wọ́n yọ kúrò lára méje tó dára, ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jọ ń ṣe aburú kan náà.

Ní ọdún 2013, àjọ SEC, tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tú gbogbo rẹ̀ síta. Ọdún márùn-ún kọjá. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹrin 2018, báǹkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó oníbàárà 5.2 mílíọ̀nù kúrò lórí ètò báǹkì Lloyds lọ sórí ètò tí Sabadell, báǹkì Spéènì tó rà wọ́n, ṣe fún wọn. Àkọsílẹ̀ gbogbo dé láyọ̀. Ètò tuntun ni kò lè ru ẹrù. Ó di oṣù kejìlá kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò, owó ìtanràn tí àwọn aláṣẹ bù lé wọn ní 2022 sì jẹ́ 48.65 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Kí ni ìwádìí fi hàn? Ibùdó sáfà méjì ni wọ́n kọ́, tí méjèèjì yóò jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé ẹrù lé dán wò.

Ní oṣù karùn-ún 2025, ó kan JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní Nàìjíríà. Wọ́n ti ṣàtúnṣe sí ètò ìdánwò, ìtò ìbéèrè àti ti ìdáhùn yí padà. Àtúnṣe náà dé orí àwọn sáfà tó ń bójú tó Kàdúná àti àwọn ibòmíràn. Kò dé orí àwọn tó ń bójú tó Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Ọmọ 379,997, ní ibùdó 157, gba máàkì tí kì í ṣe tiwọn. Èsì jáde lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, bọ́ síta, ó ṣàlàyé, ó sì sunkún. Àwọn kan fi ẹkún náà ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é, nítorí ó sọ ibi tí kòtò wà.

Ìkan nínú mẹ́jọ, ìkan nínú méjì, apá kan nínú méjì. Kì í ṣe pé ètò tuntun burú níbì kankan nínú Knight àti JAMB. Ibi tí kò dé ló fa wàhálà. Ní TSB, ibi tí àyẹ̀wò kò dé ni. Kòtò kan náà ni, wọ́n sì ti fi àmì sí i láti 2013. Ẹni tó ń ṣe báǹkì rí i, ó ní ti àwọn oníṣòwò ìpín ni. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò rí i, ó ní ti báǹkì ni. Bí ará ẹ̀yìn ṣe ń rí kòtò tí kò fi kọ́gbọ́n nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Àgọ́-Ìwòyè fẹ́ pààrọ̀ ètò tí wọ́n fi ń ṣírò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń ta ètò náà fún wọn yóò máa sọ bó ṣe dára tó. Iye ibi tó gbọ́dọ̀ dé ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi í: kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ti akápò, àti èyí tí akọ̀wé ń gbé lọ sílé tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. Ẹnì kan á fi í sí i, ẹlòmíràn á lọ wò ó. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n sì ṣí ẹ̀dà náà lórí ẹ̀rọ mìíràn, torí ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, a ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni. Kí ètò méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, kí wọ́n fi èsì wọn wé ara. Ọjọ́ tí wọn yóò pa ti àtijọ́ tì, kó jìnnà sí òpin oṣù tí owó ìyá-ni-lówó ń jáde.

Kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹni tó láṣẹ láti sọ pé ẹ jẹ́ ká padà, pẹ̀lú wákàtí tó gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta bá lù, tí ìṣirò méjèèjì kò bára mu, ti àtijọ́ ni wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé.