Orúkọ Àwọn Ẹni Mímọ́ ní Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì, tí ó sì fi etí sílẹ̀ láàárín àwọn tí ń ta àgbọn àti ẹja, kì yóò pẹ́ kí ó tó gbọ́ kí a pe ẹnì kan ní Màríà, tàbí Jósẹ́fù, tàbí Pọ́ọ̀lù. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ti mọ́ wa létí tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi bèèrè mọ́ bí wọ́n ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ilé wo ni a wò, kí a tó fi orúkọ ẹni mímọ́ pe ọmọ wa?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ayọ̀ ni àwọn ènìyàn wa fi gba orúkọ wọ̀nyí. Láti etí òkun yìí ni a ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíl. Àwọn olówó wọn ni ó mú wọn lọ sí ibi ìrìbọmi, a sì fún wọn ní orúkọ titun láìbi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́. Síbẹ̀, ohun tí a fi ipá gbé lé wọn lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di tiwọn. Ní ìlú Salvador, àwọn ènìyàn dúdú dá Ẹgbẹ́ Rósárì sílẹ̀, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ń sin òkú ara wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n fẹ́ràn Benedict Mímọ́ ti ìlú Palermo lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọmọ àwọn ẹrú tí a kó wá láti Áfíríkà ni Benedict í ṣe. Alásè ni nínú ilé àwọn ará Fransísì. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ará fi í ṣe olórí wọn. Ó kú ní ọdún 1589, Póòpù sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 1807. Ẹrú tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí rí i pé ẹni bí òun wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní ọdún 1835, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti di òmìnira padà sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ tí a ń pè ní Porto-Novo, àti Ouidah. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Ní Èkó, wọn kò ní àlùfáà kankan láàárín wọn. Pa Antonio, ẹni tí òun pàápàá ti jẹ́ ẹrú rí, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà; ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, ó sì ń gbàdúrà lẹ́bàá àwọn tí ń kú lọ. Kò ṣe Mísà, nítorí kì í ṣe àlùfáà. Nígbà tí Fáda Borghero, tí ó ti gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọdún 1861, wá sí Èkó ní ọdún 1863, ó bá ìjọ níbẹ̀. Ọdún 1868 ni Fáda Bouche tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: àwọn ènìyàn tí kò ní Mísà, tí kò ní bíṣọ́ọ̀bù, pa ìgbàgbọ́ mọ́ pẹ̀lú àdúrà àti àpẹẹrẹ àwọn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ wọn.

Àwọn kan a máa bi wá léèrè pé, kí ni ó ya bíbọ̀wọ̀ fún ẹni mímọ́ kúrò lára bíbọ òrìṣà? Kò yẹ kí a fi ìbéèrè yìí ṣeré. Ní Bahia, ọ̀pọ̀ ni ó so Ọya mọ́ Barbara Mímọ́, tí wọ́n sì so Ṣàngó mọ́ Jerome Mímọ́. A kò lè fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Ìjọ hàn gbangba: Ọlọ́run nìkan ni a ń sìn. Ọmọ Yorùbá a máa dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀, a sì máa bẹ àgbà pé kí ó gbàdúrà fún òun. Kò sí ẹni tí yóò wí pé ó sọ àgbà náà di Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ń bẹ àwọn ẹni mímọ́ pé kí wọ́n bá wa gbàdúrà. Ẹni tí ó bá sì fi àtùpà síwájú ère wọn, tí kò tẹ̀lé ìwà wọn, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹnu ẹlẹ́gàn lé ìgbàgbọ́ wa.

Topo, tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì, kọ́ wa ní èyí. Láàárín ọ̀sà àti òkun ni àwọn Fáda dá oko kan sílẹ̀ ní ọdún 1876, lábẹ́ orúkọ Jósẹ́fù Mímọ́, ẹni tí Póòpù Pius Kẹsàn-án ti fi ṣe alábòójútó Ìjọ gbogbo ní ọdún 1870. Nínú ilẹ̀ iyanrìn náà ni wọ́n gbin àgbọn àti ẹ̀gẹ́. Ní ọdún 1892 àwọn Sístà wá bá wọn níbẹ̀. Ìwé Mímọ́ kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ti ẹnu Jósẹ́fù jáde sílẹ̀ fún wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a mọ̀, àti ìgbọràn rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó mú ọkọ́ ní Topo ní òwúrọ̀, tí ó sì ṣiṣẹ́ láìṣe àbòsí, ó ti bọlá fún Jósẹ́fù kí agogo àdúrà tó lù.

Ẹlòmíràn ṣì kù tí ó yẹ kí àwa ará ìlú tí a ti ta ẹrú rí mọ̀. Ní Darfur ni a ti jí Josephine Bakhita gbé nígbà tí ó wà ní kékeré. A tà á léraléra, títí ó fi gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí ó jí i gbé ni ó pè é ní Bakhita. Ní ilẹ̀ Ítálì ni ó ti gba ìrìbọmi ní ọdún 1890. Ó di Sístà, ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní ìlú Schio. Ó kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1947. A kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 2000. Ẹni tí a gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó di ẹni tí àwọn ìyá ń fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan dàgbà lọ́dọ̀ yín láìmọ ìtàn ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ fún un ibi tí ẹni náà gbé, iṣẹ́ tí ó ṣe, àti ìyà tí ó fara dà. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ni yóò rò? Àwọn baba wa gba orúkọ wọ̀nyí nínú ìdè, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ọ̀pá ìtìlẹ́yìn. Àwa tí a gbà wọ́n nínú òmìnira, ẹ jẹ́ kí a máa jẹ́ wọn pẹ̀lú ìwà, lójoojúmọ́.