Àwọn Ọdẹ Tó Mú Òrò Lókè Àjàká

Ní oṣù kìíní ọdún 2026 ni ó pé 200 ọdún tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wọ Ọ̀yọ́-Ilé láyé Aláàfin Májọ̀tu. Ìlú tó bá níbẹ̀ ní ẹnubodè mẹ́wàá. Kò tó ọdún méjìlá lẹ́yìn náà tí ó fi dahoro. Igi oṣè ló kù lójú agboolé, àti kòtò ọlọ lára àpáta. Ẹ bá ará Òtu tó ti gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wọ igbó ahoro náà sọ̀rọ̀, yóò ní iwin ń bẹ níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ iwin yìí ti ṣẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó mọ ìtàn náà délẹ̀ kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

Láyé àtijọ́, Tápà ló lé Aláàfin Onígbògí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Òfìnràn jọba lẹ́yìn odi, Ṣakí ló kú sí nígbà tó ń padà bọ̀. Egúnojú tẹ Ìgbòho dó, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ tẹ̀ lé e, Ajíbóyèdé tẹ̀ lé Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Mẹ́rin nínú wọn ló sùn sí Igbó Ọba ní Ìgbòho di òní: Òfìnràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé.

Ogun Tápà ayé Ajíbóyèdé ni n kì í gbọ́ kó sú mi. Nígbà tí ogun há, Òsì Ìwẹ̀fà gba aṣọ ọba wọ̀, kí ọfà lè máa wá òun. Ọfà gún un títí kò fi ráyè ṣubú. Ó kú lóòró, eyín rẹ̀ síta bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Àwọn Tápà rò pé òrò ni, ìyẹn iwin, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà ni Òsì Ìwẹ̀fà ti ń dúró fún Aláàfin.

Aláàfin Abípa wá ní òun fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè ti kọ́lé sí Ìgbòho, wọn kò fẹ́. Nígbà tí ọba rán àwọn tí yóò lọ ṣètùtù, àwọn ìjòyè ti rán tiwọn ṣáájú sí Òkè Àjàká ní Ọ̀yọ́-Ilé: Baṣọ̀run rán abuké, Alápìnni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, Samù rán ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta, Lágùnnà rán aràrá, Akinikú rán arọ. Lóru, igbe ta lórí òkè: “Kò sí ààyè! Kò sí ààyè!” Ni àwọn ìránṣẹ́ ọba bá sá wálé.

Ọdẹ mẹ́fà ni ọba wá rán lọ. Wọ́n mú gbogbo wọn. Ní ọjọ́ Jàkúta, àwọn tí wọ́n pè ní òrò ló gbé igbá wọlé fún ìjòyè tó rán wọn, lójú gbogbo ààfin. Mi ò ní bo àwọn ìjòyè náà láṣìírí: ẹni tí ará ìlú ti ń sá fún tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di iwin.

Aláàfin ló gba oríkì: Ọba Mórò. Ọdẹ ló mú òrò. Ní ilé wa ní Òtu, a mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ló bí wa. Àwọn ilé mìíràn ń sọ bẹ́ẹ̀ náà. Mo gbọ́ tiwọn, mo wọ̀n ọ́n dáadáa, tiwa ló fìdí múlẹ̀ jù, nítorí èèwọ̀ wa.

Ti ogun Ìlọrin, ti Àtìbà tó kó ìjọba lọ sí Àgọ́-Ọ̀yọ́, ti ìjọba tó sọ ahoro náà di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1991, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà àìsàn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, yàrá kún fọ́fọ́. Ọdẹ kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó ilé kan sì la ẹnu pé, “Kò sí à—” Bàbá gbé ọwọ́ sókè lórí ẹní. Ìyàwó náà pa ẹnu dé. Gbogbo wa sún mọ́ra, ọdẹ náà sì jókòó.