Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Ndebele? Ìfarakanra Èdè àti Iṣẹ́ Atúmọ̀-Èdè ní Zimbabwe

Bópẹ́ bóyá, ẹni tó bá ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Ndebele ní Zimbabwe yóò kan ìbéèrè kan tí gírámà nìkan kò lè dáhùn: irú ọ̀rọ̀ wo ló tọ́ kó wọ inú ìwé, irú wo ló yẹ ká tì síta? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbà ni pé Ndebele tó gún régé ni èyí tó bá Zulu mu. Èyí tó bá ti yà kúrò lára Zulu, àbùlà ni. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé òṣùwọ̀n yìí kò tọ́, àti pé ipò àwùjọ ló ń wọ̀n, kò wọn èdè rárá. Ó ń gba ọ̀rọ̀ àyálò kan wọlé bí ọmọ onílé, ó ń dá òmíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọ èdè; ẹni tí a yá wọn lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú, Ndebele tí mò ń sọ ni ti Matabeleland, àgbègbè Bulawayo. Ndebele ti Gúúsù Áfíríkà ti yapa kúrò lára àwọn èdè Nguni yòókù ṣáájú ìgbà Mzilikazi, orúkọ ló pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ibi tí ẹ̀rí ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ni bí àwọn tó ń sọ èdè náà ṣe di ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1820, Mzilikazi ọmọ Mashobane, olórí ìdílé Khumalo, bọ́ lọ́wọ́ Shaka ọba Zulu. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n wá ń pè ní Transvaal, láàárín àwọn Sotho àti Tswana. Nígbà tí àwọn Boer lé e kúrò níbẹ̀, ó sọdá odò Limpopo, ó sì tẹ̀dó sí Matabeleland ní nǹkan bí ọdún 1840. Ó bá àwọn Kalanga, Rozvi, Nambya àti àwọn mìíràn lórí ilẹ̀ náà. Ogun kó àwọn ọ̀dọ́ wọn wọ inú amabutho, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ọba, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ èdè ọba. Àwùjọ wá pín sí ọ̀nà mẹ́ta: abezansi, àwọn tó bá Mzilikazi ti gúúsù wá, abenhla, àwọn Sotho àti Tswana tó darapọ̀ mọ́ wọn lójú ọ̀nà, àti amahole, àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́gun. Abezansi kò pọ̀ láàárín ìlú tí wọ́n ń jọba lé lórí. Kò pẹ́ rárá tó fi jẹ́ pé àwọn tí babańlá wọn kò sọ Ndebele ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ ọ́, ẹnu tiwọn ló sì gbé èdè náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní ká yọ ohun tí wọ́n mú wá kúrò, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí yóò ṣẹ́kù.

Àwọn tó ń gbèjà ojúlówó Ndebele a máa tọ́ka sí ìró c, q àti x, àwọn ìró tí wọ́n ń fi ahọ́n ta. Èyí tí wọ́n ń kọ ní c kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí Yorùbá ń fi ẹnu ṣe nígbà tó bá ń pòṣé, àmọ́ ti Ndebele wà nínú ọ̀rọ̀ bíi kọ́ńsónáǹtì èyíkéyìí. Àwọn ìró yìí gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn Khoisan ni àwọn èdè Nguni ti yá wọn, tipẹ́tipẹ́ kí Shaka tó jọba. Àmì tí wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀, àyálò ni. Ẹ tún wo orúkọ Ọlọ́run. uNkulunkulu bá Zulu mu. uMlimu, tí a ń gbọ́ nípa ojúbọ Njelele ní àwọn òkè Matobo níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ tọrọ òjò, bá Modimo ti Sotho àti Tswana tan. uThixo ti ọ̀dọ̀ àwọn Khoi wá, ó gba inú èdè Xhosa àti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì kọjá. Àwọn tó ń sin ní ojúbọ náà ń jẹ́ amawosana, Kalanga sì ni orúkọ ọ̀hún. Nínú adúrà àti ẹ̀sìn nìkan, a ti ka ìran mẹ́rin ó kéré tán. Ilé ìdáná náà ń jẹ́rìí. Ọbẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá, idelele ni Ndebele ń pè é. Kalanga ní delele, Shona ní derere. Ẹni tó fẹ́ ra àgbàdo ní Bulawayo yóò béèrè umumbu, nígbà tó jẹ́ pé umbila ni Zulu ń sọ. Kò sí ẹni tó ń jẹ idelele tó ń rò pé òun ń ba èdè jẹ́.

Bí Ndebele ṣe ń gba àlejò ṣe pàtàkì ju ibi tí àlejò ti wá lọ, nítorí ibẹ̀ ni a ti lè rí òṣùwọ̀n tó dúró ṣinṣin. Gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ nínú èdè náà ló wà nínú ìpín kan, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ń fi ìpín náà hàn: isi- jẹ́ ẹyọ, izi- jẹ́ ọ̀pọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òyìnbó fún ilé-ìwé dé, èyí tó ní ìró s àti k níwájú, etí Ndebele kò gbọ́ s náà gẹ́gẹ́ bí ara ọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí isi-. Ilé-ìwé kan di isikolo, púpọ̀ di izikolo. Bẹ́ẹ̀ náà ni isitolo fún ṣọ́ọ̀bù, isipunu fún ṣíbí, àti isitimela fún rélùwéè. Gbogbo wọn ní izi- tiwọn, ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó bá sì tẹ̀lé wọn gbọ́dọ̀ bá ìpín náà mu. Ìhun èdè ti jẹ ọ̀rọ̀ náà, ó ti dà á. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni èyí sì gbé ka iwájú olùṣe atúmọ̀-èdè. Bí ó bá to ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Doke àti Vilakazi ṣe to ìwé Zulu wọn ní 1948, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò tẹ̀ lé, isikolo yóò sì bọ́ sábẹ́ k, lẹ́tà tí òyìnbó tó ni ọ̀rọ̀ kò fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ tú wò dáadáa, nítorí ó fi àìdọ́gba òṣùwọ̀n Zulu hàn kedere. Àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù àti owó láti Johannesburg gba Beitbridge wọ Bulawayo fún àwọn ẹbí tó wà nílé ni wọ́n ń pè ní omalayitsha, ẹyọ kan ni umalayitsha. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni laai ti Afrikaans, tó túmọ̀ sí kí a di ẹrù sínú ọkọ̀. Zulu yá a, ó fi àfòmọ́ ìparí tirẹ̀ kún un, ó di layisha. Nígbà tó kan Ndebele, sh di tsh, gẹ́gẹ́ bí Zulu ṣe ń sọ shaya fún kí a lu nǹkan tí Ndebele ń sọ tshaya, tàbí shiya fún kí a fi nǹkan sílẹ̀ tí Ndebele ń sọ tshiya. Ẹ̀yìn èyí ni uma- wọlé, tó sọ iṣẹ́ di orúkọ ẹni tó ń ṣe é. Afrikaans, Zulu, Ndebele, gbogbo wọn wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó gbà pé Zulu ni òṣùwọ̀n kì yóò rí ohun tó burú nínú rẹ̀, nítorí ọ̀nà Zulu ló gbà wá. Ẹni náà yóò sì máa wo idelele lẹ́ẹ̀kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé idelele kò rìnrìn àjò kankan, ilẹ̀ náà gan-an ló ti hù.

Ibo ni òṣùwọ̀n yìí ti wá? Ọ̀rọ̀ agbára wà níbẹ̀, ti abezansi lórí amahole, àmọ́ ilé-ìwé ló fún un lẹ́sẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ìwé Zulu láti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ Matabeleland lẹ́kọ̀ọ́. Ìròyìn tí Clement Doke gbé jáde ní 1931 dámọ̀ràn èdè ìbílẹ̀ méjì fún ìlò ìjọba, ọ̀kan fún àgbègbè Shona, ọ̀kan fún àgbègbè Ndebele; Kalanga bọ́ sí abẹ́ òjìji Ndebele láti ìgbà náà. Àwọn atúmọ̀-èdè àkọ́kọ́ kò bá ìbéèrè wa jà, nítorí wọn kò nílò rẹ̀. W. A. Elliott, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ London Missionary Society, gbé Ndebele àti Shona sínú ìwé kan ní 1897, ti J. N. Pelling dé ní 1966. Àlejò tó fẹ́ gbọ́ èdè ni wọ́n kọ wọ́n fún, gẹ̀ẹ́sì ló sì ń ṣàlàyé. Isichazamazwi SesiNdebele tó jáde ní 2001, tí Samukele Hadebe jẹ́ olótùú rẹ̀, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Iṣẹ́ ALLEX ló bí i, iṣẹ́ tí Yunifásítì Zimbabwe àti Yunifásítì Oslo bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tó sì ti bí Duramazwi reChiShona, ìwé atúmọ̀-èdè Shona, ní 1996. Nínú ìwé tí Ndebele fi ń ṣàlàyé Ndebele, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń yan ọ̀rọ̀: ìgbà tí a ń pinnu ohun tí a óò túmọ̀, àti ìgbà tí a ń wá ohun tí a óò fi túmọ̀ rẹ̀. Olótùú tó bá fẹ́ fi Zulu tún Ndebele ṣe lè ṣe é níhìn-ín láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura, nítorí ìtumọ̀ ni òǹkàwé ń wò, kì í wo ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìtumọ̀ náà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ọrọ̀ ajé. Zulu tóbi, ó ní ìwé, ó ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Kí ló dé tí Ndebele yóò fi jókòó máa hun ọ̀rọ̀ tuntun fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà tí aládùúgbò ti hun ún tán? N kò bá wọn jiyàn lórí èyí. Kí wọ́n yá a. Ohun tí mò ń kọ̀ ni pé kí wọ́n yá a láìkọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n yá a, kí wọ́n tún wá fi í lé ọ̀rọ̀ tí ará Bulawayo ti ń lò jáde. Umakhalekhukhwini fún fóònù alágbèéká bá Zulu dọ́gba, ó sì ti fìdí múlẹ̀ ní Bulawayo. Ìlò ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, olótùú kọ́.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ, kò sì yẹ kí onímọ̀ èdè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Láàárín 1983 àti 1987, àwọn ọmọ-ogun ìjọba tí wọ́n ń pè ní Fifth Brigade pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú ní Matabeleland àti Midlands, Shona sì ni èdè tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí i, tàbí tí òbí rẹ̀ rí i, kò ní ka ọ̀rọ̀ Shona sí ọ̀rọ̀ lásán. Zulu wá di ògiri tí wọ́n lè fara tì. Ìbẹ̀rù náà yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí gbogbo Matabeleland ń pe ìpakúpa náà títí di òní: Gukurahundi, ọ̀rọ̀ Shona fún òjò tó ń gbá ìyàngbò lọ. Ìwé atúmọ̀-èdè tó bá lé gbogbo ohun tó ti ẹnu Shona wá yóò lé èyí náà, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí yóò sì wá a nínú ìwé èdè tirẹ̀ kò ní rí i. Ìfarakanra kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ti ọjà àti àna. Iṣẹ́ atúmọ̀-èdè ni pé kó kọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, kó sì sọ bí ó ṣe dé ẹnu wọn.

Àwọn kan yóò ní bí a bá ṣílẹ̀kùn báyìí, gẹ̀ẹ́sì yóò gbé èdè náà mì. Ibí yìí ni isikolo ti wúlò. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gba àfòmọ́, tó ní ọ̀pọ̀, tó ń fa ìbámu nínú gbólóhùn, tí a sì rí lẹ́nu àgbà àti ọmọdé àti nínú ìwé ìròyìn bí Umthunywa, ti di Ndebele. Èyí tí ọ̀dọ́ kan kàn fi gẹ̀ẹ́sì há sáàárín gbólóhùn rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. S'ncamtho, èdè ìgboro àwọn ọ̀dọ́ Bulawayo, wà láàárín àwọn méjèèjì. Àmì pé ìgboro ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ti tó fún un.

Àtakò tó kù ti ọ̀dọ̀ àwọn Kalanga wá, òdìkejì àwọn tó ṣáájú sì ni: wọ́n ní bí Ndebele bá ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, olè ni, nítorí pé Ndebele ti gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn tẹ́lẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Zimbabwe ti 2013 ka Kalanga mọ́ èdè mẹ́rìndínlógún tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti béèrè. Mo rò pé wọ́n jàre lórí ohun kan: àìkọ orísun sílẹ̀ ni olè jíjà. Lílo èdè ẹlòmíràn fúnra rẹ̀ kì í ṣe olè. Ndabaningi Sithole tó kọ AmaNdebele kaMzilikazi ní 1956, ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní Ndebele, Ndau ni ìdílé baba rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó dá èdè náà padà. Ohun tí ìwé tó ń bọ̀ nílò ni àmì kékeré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí orísun rẹ̀ dá wa lójú, láìyọ Zulu àti Afrikaans sílẹ̀, kí umalayitsha gbé ti rẹ̀ bí idelele ṣe gbé ti rẹ̀. Atúmọ̀-èdè Kalanga tó bá jáde yóò ní delele tirẹ̀, idelele inú ìwé Ndebele kò sì ní dín in kù lọ́nàkọnà.