Bikini: Níbi Tí Àlejò Ti Ń Sinmi, Tí Onílé Kò Lè Gbé

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ronú lórí àwọn tí wọ́n máa ń fi owó ńlá wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru tí ó jìnnà réré láti lo ọlidé. Wọn a lúwẹ̀ẹ́, wọn a mòòkùn, wọn a wo ohun ìyanu ìsàlẹ̀ òkun, wọn a sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Àjò wọn dùn, wọ́n sì relé. Ṣùgbọ́n erékùṣù kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn onílé ibẹ̀ ni ó ti wà lájò láti 1946, tí wọn kò tíì lè padà lọ máa gbé ilé wọn títí di òní. Orúkọ rẹ̀ ni Bikini. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Bikini wà nínú Òkun Pàsífíìkì, lára àwọn erékùṣù Marshall. Kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo. Erékùṣù kéékèèké tí ó lé ní 20 ni, tí wọ́n tò yí ọ̀sà ńlá kan ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ti í yí ọrùn ká. Òkúta iyùn ni ìpìlẹ̀ wọn, iyanrìn funfun ni etí omi wọn, igi àgbọn sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹja ni àwọn ará ibẹ̀ ń pa, àgbọn sì ni oúnjẹ àti ohun mímu wọn. Kódà àgbọn wà nínú orúkọ ìlú náà: Pikinni ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ‘ni’ tí ó sì gbẹ̀yìn rẹ̀ túmọ̀ sí àgbọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àgbọn yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a níwájú.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ohun tí bọ́ǹbù átọ́míìkì lè ṣe sí ọkọ̀ ogun lójú omi. Bikini ni wọ́n yàn. Ní oṣù kejì ọdún 1946, lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá ológun ojú omi kan, Ben Wyatt, kó àwọn ará ìlú jọ. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ilẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀, fún ire gbogbo aráyé àti kí ogun lè tán láyé. Juda, olórí wọn, dáhùn pé àwọn yóò lọ, ohun gbogbo wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ẹni tí ológun tí ó ṣẹ́gun dúró níwájú rẹ̀, kí ni ó tún lè wí? Ní oṣù kẹta, àwọn ènìyàn 167 wọ ọkọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀.

Wọ́n wá to ọkọ̀ tí ó lé ní 80 sínú ọ̀sà náà bí ẹni to igbá sọ́jà. Saratoga, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ òfurufú ń bà lé, wà níbẹ̀. Nagato ti àwọn ará Japan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọkọ̀ tí Yamamoto, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn, wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọlu Pearl Harbor ní 1941. Wọ́n so ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti eku mọ́ inú àwọn ọkọ̀ kan kí wọ́n lè rí ohun tí yóò ṣe wọ́n. Ní July 1, 1946, bọ́ǹbù kìn-ín-ní dún lójú sánmà. Ní July 25, èkejì dún lábẹ́ omi. Saratoga rì lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Nagato tẹ̀ lé e. Láàrin àkókò yìí kan náà, ní July 5, ọkùnrin kan ní Paris, Louis Réard, fi orúkọ Bikini pe aṣọ ìwẹ̀ péńpé kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ orúkọ aṣọ, tí wọn kò mọ ẹni tí ó ni orúkọ.

Kò tán síbẹ̀. Títí di 1958, ìgbà 23 ni wọ́n dán bọ́ǹbù wò ní Bikini. Èyí tí ó burú jù ni ti March 1, 1954, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 1,000 ti Hiroshima. Eérú rẹ̀ bà lé àwọn ará erékùṣù Rongelap, ó sì bà lé apẹja 23 ará Japan lójú òkun. Ọ̀kan nínú wọn, Aikichi Kuboyama, kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Àwọn ará Bikini ńkọ́? Rongerik ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n kú níbẹ̀. Ní 1948 wọ́n gbé inú àgọ́ ní Kwajalein, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Kili. Kili kò ní ọ̀sà. Ìgbì òkun ibẹ̀ a sì máa ru fún oṣù púpọ̀ tí ọkọ̀ kò fi ní lè gúnlẹ̀. Ní 1968, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n lè padà sí Bikini. Àwọn kan padà, wọ́n ń jẹ àgbọn ilẹ̀ baba wọn. Àṣé oró bọ́ǹbù tí wọ́n ń pè ní cesium ti wà nínú ilẹ̀, igi àgbọn sì ń fà á mu bí ó ti ń fa omi. Nígbà tí wọ́n yẹ ara àwọn ènìyàn náà wò, oró náà ti wọ̀ wọ́n lára. Ní 1978, ọkọ̀ tún wá kó wọn kúrò lẹ́ẹ̀kejì.

Ní 1996 ni ìgbìmọ̀ àwọn ará Bikini fúnra wọn wá ṣí ọ̀sà náà sílẹ̀ fún àwọn amòòkùn, kí owó lè máa wọlé. Àwọn amòòkùn wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, irú èyí tí Cousteau àti Gagnan ṣe ní Faransé ní 1943. Saratoga gùn tó mítà 270, ó sì wà ní ìsàlẹ̀ tí ó jìn ju mítà 50 lọ. Kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tí ó bá sáré gòkè láti irú ibú bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣí ìdérí rẹ̀; ó lè rọ, ó sì lè kú. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró ní 2008, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà àwọn ọkọ̀ tí àlejò ń sùn sí ti ń gbé wọn wá láti Kwajalein. Ní 2010, UNESCO kọ orúkọ Bikini mọ́ àwọn ogún aráyé.

Ẹnì kan lè béèrè pé: bí àlejò bá lè lọ kí ó sì bọ̀ láìfarapa, kí ni ó ń dá onílé dúró? Àgbọn ni ìdáhùn. Àlejò gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, ó sinmi fún ọjọ́ díẹ̀, ó lọ. Onílé ní láti gbìn, kí ó kórè, kí ó fi bọ́ ọmọ lọ́dọọdún. Ní 1998, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì sọ pé, bí ilẹ̀ náà ti wà, kò yẹ kí a máa gbé ibẹ̀ kí a sì máa jẹ oúnjẹ ibẹ̀. Ilẹ̀ tí a kò lè jẹ èso rẹ̀, àlejò nìkan ni ó lè gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Ní 1960, Faransé dán bọ́ǹbù tirẹ̀ wò nígbà mẹ́ta ní aṣálẹ̀ Sahara, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Nàìjíríà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò dákẹ́. Ní January 1961, ó já okùn ọ̀rẹ́ láàrin òun àti Faransé. Àwọn ará Bikini kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n lè já.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo ọlidé, n kò sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a mòòkùn. Owó àwọn amòòkùn wúlò fún àwọn onílé nígbà tí ó fi ń wọlé fún wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, ẹni tí ó bá wo Saratoga lábẹ́ omi kí ó gbé ojú sókè wo etí omi pẹ̀lú, níbi tí àgbọn ti so jìngbìnnì tí kò sí ọmọ tí yóò ká a. Ibi tí a ń pè ní ibi ìsinmi, ilé ẹnì kan ni.